Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Sọ fún Àlejò

Ìyá àgbà mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jáde láti agboolé wa ní Kalley, ní ìlú Niamey, lọ wá iṣẹ́ tí kò kọ́kọ́ ka lẹ́tà rẹ̀ sí i létí, àfi ẹnì kan. Orí àpótí kékeré kan ló máa ń jókòó sí lábẹ́ igi dóńgóyárò, àwọn abọ́ tánganran tó ń tà yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó fẹ́ wáṣẹ́ yóò sì dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà náà. A ó kà á ní Faransé, a ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Bó ṣe ń gbọ́ ọ ni yóò máa mú abọ́ kọ̀ọ̀kan, yóò fi èékánná lù ú, yóò sì gbé etí sí i. Abọ́ tó bá ti sán, bí ojú kò tiẹ̀ tíì rí ibi tó ti sán, ohùn rẹ̀ máa ń kú. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń gbọ́ lẹ́tà.

Ó fi wá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá tó kọjá. Àwọn kan ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, kò sì bìkítà. Èmi tí mò ń kọ èyí, irun mi ti funfun, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti ní ọmọ-ọmọ tèmi. Kì í ṣe gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ, nítorí n kò mọ ìdajì rẹ̀. Mo mọ̀ pé láti Ìlọrin ni bàbá àgbà mi ti mú un wá sí Niamey. Mo mọ̀ pé bàbá àgbà ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Kùránì ní àdúgbò Boukoki títí ó fi kú. Mo sì mọ̀ pé nígbà tí ìyá mi kú, tí mo ṣì kéré, òun ló gbé mi sí yàrá rẹ̀, tí kò sì gbé mi jáde mọ́. Ìyókù tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, àárín lẹ́tà ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin kan wà nítòsí ọjà nígbà náà tó ń fi ẹ̀rọ tẹ lẹ́tà fún àwọn ènìyàn. Onítẹ̀wé ni a ń pè é. Ó ní lẹ́tà kan ṣoṣo tó dùn gan-an, orúkọ nìkan ló ń yí padà lórí rẹ̀. Síkírù, ọmọ àbúrò ìyá mi, fẹ́ ṣiṣẹ́ awakọ̀, ó sì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó padà dé, ó dúró lábẹ́ igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Ọ̀gá mi ọlọ́lá jù lọ, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ tí kò lẹ́gbẹ́ ni mo fi wá síwájú yín, èmi akíkanjú, olùfọkànsìn, ẹni tí àárẹ̀ kì í mú..."

Ìyá àgbà gbé abọ́ sílẹ̀. "Dúró ná. Ta lẹni yẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ kọ́. Ẹni yẹn ti wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Ìyá Risi ló mú un wá. Ó tún wá nígbà ààwẹ̀. Lààmídì ló ń jẹ́ nígbà yẹn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Síkírù kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?" ló bi í.

"Mo mọ ọkọ̀ wà."

"Wọ́n pọ̀ tó mọ ọkọ̀ wà. Kí lo tún mọ̀?"

Síkírù ronú díẹ̀. "Mo mọ ọ̀nà Agadez. Bí yanrìn bá bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, mo ṣì mọ ibi tó gbà. N kì í sì í sùn nídìí ọkọ̀."

"Kọ ìyẹn."

"Ìyá, kò ní gùn. Ìlà méjì péré ni."

Ó tún mú abọ́ rẹ̀. "Ṣé lẹ́tà ni wọ́n fẹ́ wà lọ sí Agadez ni?"

Síkírù kọ ìlà méjì náà, wọ́n sì gbà á. Ó wa ọkọ̀ fún wọn títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì.

Onítẹ̀wé gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó bínú wá sí agboolé wa. Ó ní Ìyá àgbà ń ba ọjà òun jẹ́. Ìyá àgbà dá a lóhùn pé òun náà ń tajà, ṣùgbọ́n òun kì í ta abọ́ kan ṣoṣo fún ènìyàn mẹ́wàá. Odindi ọyẹ́ kan ni wọn kò fi kí ara wọn. Bí Ìyá àgbà bá ń bọ̀ láti ìhà yìí, tí Onítẹ̀wé ń bọ̀ láti ìhà ọ̀hún, olúkúlùkù yóò wo ògiri tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọmọbìnrin Onítẹ̀wé fẹ́ gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo rí bàbá rẹ̀ tó wọlé wá pẹ̀lú bébà kan lọ́wọ́. Kò jókòó sórí àga tí a gbé fún un. Orí yanrìn ló jókòó sí, ó sì ka lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá àgbà fetí sí i, kò lu abọ́ kankan.

"Ìwọ kọ́ lo kọ eléyìí," ló sọ.

"Rárá, Ìyá. Ọmọ náà ló kọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ẹnì kan ló wà nínú rẹ̀."

Ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí máa ń wà, ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n lè bi léèrè bóyá òótọ́ ni ẹni tó ń wáṣẹ́ jẹ́ ohun tó pe ara rẹ̀. Ìyá àgbà ka orúkọ mẹ́ta yẹn sí ju lẹ́tà fúnra rẹ̀ lọ. Òfin kan ló fi lélẹ̀ lórí rẹ̀, gbogbo agboolé ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wàá lọ kí ẹni tó o fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ní àkọ́kọ́, wàá kí i, o ò ní bèèrè ohunkóhun. Lẹ́ẹ̀kejì, wàá bèèrè bóyá ó gbà kí o kọ orúkọ òun. Lẹ́ẹ̀kẹta, wàá lọ dúpẹ́, ì báà jẹ́ pé o rí iṣẹ́, ì báà jẹ́ pé o kò rí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ni kì í rọrùn. Mo rántí ìgbà tí iṣẹ́ kan bọ́ mọ́ Síkírù lọ́wọ́, tó ní òun kò rí ìdí tí òun yóò fi rìn nínú oòrùn dé Boukoki lọ dúpẹ́ fún òfo.

Ìyá àgbà wò ó tìyanutìyanu. "Ṣé nítorí iṣẹ́ lo ṣe lọ kí i tẹ́lẹ̀? Mo rò pé torí ó mọ̀ ọ́ ni."

Síkírù rìn dé Boukoki.

Ó yẹ kí n sọ ti èmi náà báyìí. Mo lọ sí yunifásítì ní òdìkejì Odò Ọya, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ ní agboolé wa tó kọjá afárá nítorí ìwé. Nígbà tí mo parí, ọdún méjì ni mo fi jókòó sílé. Mo kọ́ àwọn ọmọdé díẹ̀ ní iléèwé kan, iléèwé náà tì. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo Ìyá àgbà tó ń gbé abọ́ lọ sọ́jà láti fi bọ́ ọkùnrin tó ti gba ìwé ẹ̀rí. Níkẹyìn, ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Plateau ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó ìwé àwọn òṣìṣẹ́. Mo jókòó sínú yàrá, mo kọ lẹ́tà tèmi, mo sì dì í.

"Mo gbọ́ pé o kọ lẹ́tà," ló sọ fún mi lọ́jọ́ kejì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n tèmi yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ńlá ló wà nínú rẹ̀, kò ní ṣeé túmọ̀."

Ó lu abọ́ kan, ó gbọ́ ọ, ó tò ó sórí àwọn yòókù. "Ó dáa. Bó bá ti tóbi ju etí mi lọ, máa gbé e lọ."

Lẹ́tà kan ṣoṣo tó jáde ní agboolé wa kó tó gbọ́ ọ nìyẹn.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni mo kọ. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́ mi ní yunifásítì. Èkejì ni ọ̀gá iléèwé tí mo ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni àbúrò bàbá àgbà mi, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń ta aṣọ ní Boukoki, tí gbogbo ọmọ Yorùbá ní Niamey ń bọ̀wọ̀ fún. Mo kọ ọ́ pé: Alhaji Adúmáadán, oníṣòwò.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ìwé dé. Wọ́n ní lẹ́tà mi tẹ́ àwọn lọ́rùn, wọ́n ti rí ẹlẹ́rìí méjì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Adúmáadán nínú ìwé ìlú kankan. Bí n kò bá fi hàn títí di ọjọ́ Jímọ̀ pé ẹni náà wà láyé, wọn yóò mú ẹlòmíràn. Wọn kò pè mí ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n mo rí i láàárín ìlà.

Ìwé náà yà mí lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí mo gbà tọkàntọkàn pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa ti mọ ibi tí mo ti ṣìnà. Obìnrin kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti bí sílé ọkọ rẹ̀ kó tó débẹ̀, àní ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó ní láti wá orúkọ mìíràn fún wọn. Nígbà tí Ìyá àgbà wọlé ọkọ ní Ìlọrin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gba ẹrù lórí rẹ̀, ó dúdú, ara rẹ̀ ń dán, Ìyá àgbà sì pè é ní Adúmáadán. Nígbà tí wọ́n ṣí wá sí Niamey, orúkọ náà bá wọn wá. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àwọn oníbàárà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ, àwọn Zarma tó jẹ́ onílẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọjà. A bí mi bá orúkọ náà nílẹ̀ ni.

Bàbá Adúmáadán fúnra rẹ̀ ti lọ sí Ìlọrin fún ọ̀rọ̀ ẹbí, kò sì sí fóònù tí a lè fi bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò bímọ. Mo yí Boukoki ká láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, mo bèèrè ní mọ́sálásí, mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń tajà. "Adúmáadán ni," ni gbogbo wọn ń sọ. Bàbá kan tiẹ̀ bínú. Ó ní irú ọmọ wo ló ń lọ kiri tó ń wá orúkọ àgbàlagbà bí ẹni wá ewúrẹ́ tó sọnù.

Ẹnì kan ṣoṣo ní Niamey ló mọ̀ ọ́n kó tó di Adúmáadán. Mo mú ẹ̀dà lẹ́tà mi, mo lọ dúró lábẹ́ igi, mo sì kà á fún un. Kò sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ ńlá ńlá mi. Nígbà tí mo dé orí orúkọ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Tún un kà."

"Alhaji Adúmáadán."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi gèlè bo ojú. Ìgbà tó ṣí ojú, tó rí tèmi, ló gbé ẹ̀rín mì. Mo sọ ohun tó wà nínú ìwé wọn fún un.

"Kí wá lorúkọ rẹ̀, Ìyá?"

"Ọkọ mi ni."

"Mo mọ̀, Ìyá. Orúkọ inú ìwé ni mò ń bèèrè."

"Mo ní ọkọ mi ni. Ẹnu mi kò pè é rí."

"Ẹ sọ ọ́ sí mi létí. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́."

"Sí ìwọ ọmọ rẹ̀? Ìyẹn ló tún burú jù."

Ọ̀rọ̀ kan wá jáde lẹ́nu mi tí mo ṣì ń gbọ́ títí di òní. Mo ní: "Nítorí orúkọ lásán lẹ ṣe fẹ́ kí n jókòó sílé kú?" Ó ń to abọ́.

Ọjọ́ kejì ni Àlàmísì. Mo jáde síta ní àárọ̀, mo rí i pé kò gbé ọjà. Ó ti wẹ̀, ó ró aṣọ funfun tó fi máa ń lọ kírun yídì, ó fi ìborùn bo orí. "Múra," ló wí. "Plateau là ń lọ."

N kò rí i ní Plateau rí. Takisí já wa sílẹ̀ lẹ́bàá àwọn ilé ńlá yẹn, ó rìn wọ inú ọ́fíìsì náà bí ẹni tó ń wọ ilé àna. Ọmọkùnrin Zarma kan tó wọ díńgí ojú ló jókòó sídìí tábìlì. Ìyá àgbà gbọ́ Zarma ju èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Ó kí ọmọ náà, ó bèèrè ilé rẹ̀, ó bèèrè ìyá rẹ̀, ó bèèrè bí ooru ṣe ń ṣe é. Kó tó parí, ọmọ náà ti dìde, ó ti fi àga tirẹ̀ fún un, ó sì ń pè é ní kaay, bí àwọn Zarma ṣe ń pe ìyá àgbà. Ìyá àgbà wá yíjú sí mi.

"Jáde."

"Ìyá, èmi ni mò ń wá iṣẹ́ ọ̀hún."

"Iṣẹ́ lò ń wá, orúkọ kọ́. Jáde."

Mo jáde. Fèrèsé onígíláàsì wà lẹ́nu ọ̀nà náà, n kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí i. Ó dìde lórí àga. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì pẹ̀lú eékún méjèèjì. Kì í ṣe ọmọ náà ló kọjú sí, ìhà gúúsù ló kọjú sí, ọ̀nà Ìlọrin. Ọmọ náà rò pé ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ òun, ó sáré na ọwọ́ láti gbé e dìde, Ìyá àgbà fi ọwọ́ júwe fún un pé kó jókòó kó mú gègé. Ó tẹ orí ba, ẹnu rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ náà kọ ọ́. Ó tún sọ nǹkan, ọmọ náà tún kọ. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde.

"Ẹ sọ ọ́ fún un?" ni mo bi í nígbà tó jáde.

"Ó bèèrè, mo dáhùn. Jẹ́ ká lọ, oòrùn ti ń mú."

Wọ́n gbà mí. Ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, èmi náà sì ń ka lẹ́tà àwọn tó ń wáṣẹ́. Mo máa ń tilẹ̀kùn, mo máa ń kà á sókè. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ojú ló ń dùn mí.

Nígbà tí Bàbá Adúmáadán dé láti Ìlọrin, mo jẹ́ ẹlẹ́rìí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò tíì mumi tán tí Ìyá àgbà fi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọkọ mi, mo ṣẹ̀ yín. Mo pe orúkọ yín."

Bàbá gbé ife sílẹ̀. "Fún ta ni?"

"Fún àlejò, nítorí ọmọ yìí."

Bàbá wò mí, ó tún wò ó. "Ìyàwó, ṣé o ṣì rántí rẹ̀? Èmi fúnra mi ti ń gbàgbé."

"Kí ẹ má gbàgbé rẹ̀ o. Mi ò ní pè é mọ́."

Kò sì pè é mọ́. Ó sin Bàbá Adúmáadán, ó sunkún rẹ̀, orúkọ tó fún un ló fi sunkún rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n kó ìwé mi fún mi. Mo rí àtòjọ àwọn ẹlẹ́rìí mi níbẹ̀, bébà náà ti pọ́n. Wọ́n fi gègé fa ìlà sórí Adúmáadán, wọ́n sì kọ orúkọ ọkùnrin kan sókè rẹ̀. Nísàlẹ̀, ọwọ́ kan náà tún kọ ìlà mẹ́ta ní Faransé. Ó kọ orúkọ obìnrin kan tí n kò tíì gbọ́ rí, ó ní oníṣòwò abọ́ ni, ní Kalley. Ó ní òun ló tọ́ ọmọ yìí. Lẹ́yìn náà ló kọ ohun tí obìnrin náà sọ: "Ó ń gbéra ga díẹ̀. Kì í parọ́. Ohun tó kọ, ó gbà á gbọ́." Mo jókòó sínú ọ́fíìsì tí n óò fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ìwé ẹ̀rí tí mo gbà tó wú mi lórí tó o.

Ojú Ìyá àgbà kò ríran mọ́ lọ́dún tó lò kẹ́yìn, ṣùgbọ́n etí ṣì wà. Ráhínátù, ọmọ ọmọ mi, fẹ́ gba iṣẹ́ ní báńkì kan. Fóònù ló ní kó bá òun kọ lẹ́tà, ó sì wá kà á fún un: akíkanjú, olùfọkànsìn, ẹni tí àárẹ̀ kì í mú.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ẹni yẹn ti padà wá. Ó ti pẹ́ tí mo rí i."

Ráhínátù kò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó tún un kọ, ó sì kí ẹlẹ́rìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tí a ti sin Ìyá àgbà tán, a lọ sí ọ́fíìsì ìlú láti lọ gba ìwé ikú. Ráhínátù àti àwọn ọmọ méjì bá mi lọ. Akọ̀wé náà bèèrè orúkọ olóògbé. Àwọn ọmọ wo ara wọn.

"Ìyá Àgbà ni," Ráhínátù sọ.

"Orúkọ inú ìwé."

"Ìyá Alábọ́?" ni èyí tó kéré jù sọ.

Akọ̀wé náà gbé gègé sílẹ̀, ó wò mí.

"Ẹ jáde," ni mo sọ fún àwọn ọmọ.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Gbogbo yín. Ẹ jáde."

Wọ́n jáde, wọ́n fa ilẹ̀kùn. Ẹnu mi kò pe orúkọ náà rí. Orúnkún mi kò dára mọ́, ṣùgbọ́n mo di tábìlì ọkùnrin náà mú, mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀, mo kọjú sí ìhà gúúsù. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ ọ́.

Ráhínátù ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó di apá mi mú. "Bàbá, kí lẹ sọ fún un?"

"Ó bèèrè, mo dáhùn. Ẹ jẹ́ ká lọ, oòrùn ti ń mú."